Ohun Tí Àwọn Àlejò Sọ Fún Mi Ní Ọjà Igbó

Ọ̀rọ̀ ìlú Guangzhou ní ilẹ̀ Ṣáínà ló gbé mi dé Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ènìyàn méjì nínú ẹbí wa ti gbé ìlú náà, ìròyìn tí wọ́n mú wá sílé kò sì jọra rárá. Bàbá kékeré, àbúrò bàbá mi, ti lo ọdún mọ́kànlá níbẹ̀. Bàtà àti aṣọ ni ó ń rà ránṣẹ́ sí àwọn oníṣòwò Ìbàdàn àti Èkó. Lẹ́nu tirẹ̀, kò sí irú ìlú náà: iná kì í kú, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ kì í pẹ́, obìnrin lè dá rìn ní agogo méjì òru láìbojú wẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbé ìlú kan náà fún ọdún mẹ́rin. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà gbòde, onílé rẹ̀ lé e síta pẹ̀lú àwọn aláwọ̀ dúdú mìíràn, òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n lọ kò sì gbà wọ́n. Òru mẹ́ta ni ó fi sùn sábẹ́ afárá. Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú tún bẹ̀rẹ̀ sí í fò, ó padà wálé, kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ ìlú náà mọ́ títí di òní.

Ní báyìí, àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, fẹ́ lọ bá Bàbá kékeré. Owó ọkọ̀ òfuurufú, owó físà, owó ilé ẹ̀kọ́ tí yóò ti kọ́ èdè wọn fún ọdún kan, kò sí èyí tó wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa. Ohun kan ṣoṣo tí ó lè pèsè rẹ̀ ni oko kajú tí ìyá àgbà, ìyá tó bí màmá wa, ní lẹ́yìn odi Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹni tó bá ta oko yẹn nítorí Guangzhou kò ní rí òun mọ́. Bàbá kékeré ní tirẹ̀ ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp láràárọ̀. Ọ̀rọ̀ náà sú màmá wa. Ó ní kí n lọ bá ìyá àgbà: “Òun ló ni oko. Òun náà ló mọ ohun tí à ń pè ní àjò.”

Mo wọ ọkọ̀ ní Ojóò. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìlọrin mọ̀ pé láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni èrò ọkọ̀ ti máa ń dákẹ́. Ọ̀nà tí wọ́n ní àwọn yóò sọ di méjì ti pẹ́ lórí iṣẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ, àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó ń bọ̀ láti òkè Ọya kì í sì í yà fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a kọjá Odò Ọbà, ìyá kan tó jókòó tì mí mí kanlẹ̀, ó sì ní, “A ti dé.”

Orúkọ Ọjà Igbó lè mú kí àlejò máa retí igi àti ẹyẹ. Ilé, ìsọ̀ àti ọ̀kadà ni yóò rí. Elùbọ́ iṣu wà nínú ọpọ́n ńlá, láfún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó funfun báláú. Iṣu wà nílẹ̀ ní ìdì ìdì, ata gbígbẹ sì ń mú gbogbo ẹni tó ń kọjá sín. Ìyá àgbà ti ń ta elùbọ́ ní ìsọ̀ kan náà láti ọdún 1970. Nígbà tí mo kúnlẹ̀ kí i, oníbàárà márùn-ún ló dúró níwájú rẹ̀. Kò gbé kóńgò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Mo ti gbọ́ ohun tí o bá wá,” ni ó wí. “Jókòó. Ọjà kì í dúró de ẹbí.”

Mo jókòó láti agogo mẹ́sàn-án títí dé ọ̀sán. Nítorí pé ọ̀rọ̀ gbígbé ìlú onílùú ló wà lọ́kàn mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìlú bí Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe rí lára wọn.

Ẹni àkọ́kọ́ ni ọkùnrin kan tó wá ra láfún, tí eruku sìmẹ́ńtì bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Iṣẹ́ táìlì ni ó ń ṣe. Kétu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni ó ti wá ní ọdún mẹ́tàlá sẹ́yìn. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tí mo bi í. “Ọmọ Odùduwà ni èmi náà, èdè tí ẹ ń sọ ni mo ń sọ, síbẹ̀ Àgànyìn ni wọ́n ń pè mí. Kò dùn mí mọ́. Bí wọ́n bá ń wá ẹni tó mọ iṣẹ́ táìlì, wọn á ní kí wọ́n lọ pe Àgànyìn wá. Orúkọ yẹn ti di pátákó ìpolówó mi.” Ohun tó ń dùn ún ni owó. Kí náírà tó já wálẹ̀ ní ọdún 2023, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń gbọ́ bùkátà ìyá rẹ̀ ní Kétu fún oṣù kan. Sẹfà, tí wọ́n so mọ́ owó Yúróòpù, dúró síbi tó wà. Náírà ni kò dúró. Iye náírà tí ó fi ń ra ẹgbẹ̀rún kan sẹfà báyìí ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ. “Ìlú yìí dára,” ni ó wí, “owó rẹ̀ ni kò dára.” Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ti padà sílé. Òun kò tíì lọ, nítorí pé àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ níhìn-ín, àbíkẹ́yìn wọn kò sì tíì fi ojú kan Kétu rí.

Obìnrin tó ń ta ẹ̀wà nítòsí gbọ́ ohun tí à ń sọ, ó sì pòṣé. Ọmọ Aného ní ilẹ̀ Tógò ni. Ọdún mẹ́sàn-án ni ó ti lò ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀wà rẹ̀ sì máa ń tán kí oòrùn tó kan àtàrí. Mo rò pé yóò sọ pé ìlú gba òun tọwọ́tẹsẹ̀. Ohun tó sọ yàtọ̀. “Wọ́n ń kí mi o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọjà, ẹ kú oòrùn, ẹ kú ìjókòó. Láti àárọ̀ ni wọ́n á ti máa kí mi. Ọdún mẹ́sàn-án, kò sí ẹnì kan tó bi mí rí pé kí ni orúkọ ìlú mi.” Ojú tì mí díẹ̀, nítorí pé èmi náà ti jẹ ẹ̀wà rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo sì ti kí i dáadáa kí n tó jẹun.

Ọkùnrin kẹta, ọmọ ilẹ̀ Nìjẹ̀ tó ń ta àlùbọ́sà, kò ní ìròyìn púpọ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó máa ń wá, bí òjò bá ti ń ṣú ni yóò padà sí oko rẹ̀. Ó ní ìlú tí ènìyàn kò bá bá òjò rẹ̀ pàdé, kí ni ó fẹ́ sọ nípa rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí mú mi rántí àwọn àlejò tí Ògbómọ̀ṣọ́ ti gbà láti ìgbà pípẹ́. Thomas Jefferson Bowen, oníwàásù Onítẹ̀bọmi láti Georgia ní Amẹ́ríkà, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọdún 1850. Ìlọrin ni ó wù ú láti gbé ní ọdún 1855, ṣùgbọ́n wọn kò gbà á láyè níbẹ̀, ni ó bá yà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àìlera lé e padà sílé. Bí ẹ bá ka ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1857, ẹ ó rò pé ọkùnrin náà gbádùn ìlú wa títí ayé, bẹ́ẹ̀ ni kò pẹ́ kí ó tó lọ. Gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tí ó kọ jáde ní ọdún 1858 láti ọwọ́ ilé ìmọ̀ Smithsonian ní Washington. Lẹ́yìn rẹ̀ ni dókítà George Green dé ní ọdún 1907. Ó lo ohun tó ju ọgbọ̀n ọdún lọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, òun sì ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn tó di ilé ìwòsàn Onítẹ̀bọmi. Lónìí, orúkọ Bowen ni wọ́n kọ sára ilé ìwòsàn náà. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé orúkọ ẹni tí kò pẹ́ nílùú ni ó wà lára iṣẹ́ ẹni tó pẹ́ níbẹ̀.

Ìlú náà fúnra rẹ̀ mọ àjò. Jọ́ọ̀sì ni Ọba Jimoh Oyèwùmí Ajagungbádé Kẹta ti ń ṣòwò kí ó tó gorí ìtẹ́ Ṣọ̀ún ní ọdún 1973, ó sì wà lórí rẹ̀ títí di ọdún 2021. Ọba Ghandi Afọlábí Ọláoyè tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ ní ọdún 2023 ti ṣe olùṣọ́-àgùntàn ní Amẹ́ríkà. Ládòkè Akíntọ́lá, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, Mínà ni ó ti lo ìgbà èwe rẹ̀. Èjìgbò tí kò jìnnà sí wa ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀ ni ó ní ọmọ ní Abidjan, ẹ sì lè gbọ́ èdè Faransé lẹ́nu ọmọdé tí kò tíì rí Ìbàdàn.

Nígbà tí oníbàárà dín kù, ìyá àgbà bọ́ gèlè rẹ̀, ó fi fẹ́ ara rẹ̀. “Gbogbo àwọn tí o ń bi,” ni ó wí, “èmi nìkan ni o kò bi. Èmi kì í ha ṣe àlejò?”

Òótọ́ ni. Tàmálè, ní àríwá Gánà, ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1946. Bàbá rẹ̀ gba Góòlù Kóòsì lọ pẹ̀lú ẹrù wọ́sìwọ́sì: abẹ́rẹ́, òwú, dígí, ọṣẹ, ìlẹ̀kẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àtẹ, ó sì di onísọ̀ aṣọ. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ṣakí, Ìgbẹ̀tì àti Ìgbòho pọ̀ nínú ọjà ìlú náà débi pé onímọ̀ kan, J. S. Eades, kọ odidi ìwé lórí wọn, Strangers and Traders, tó jáde ní ọdún 1993. Nígbà ìkànìyàn ọdún 1960, nǹkan bí 100,000 Yorùbá ni wọ́n kà ní Gánà. Ní apá gúúsù, Alata ni àwọn Akan ń pè wá. Ọṣẹ dúdú sì ń jẹ́ alata samina níbẹ̀ títí di òní, àwọn tó ń fi wẹ̀ lè má tilẹ̀ rántí àwa.

Ìyá àgbà gbọ́ èdè Dàgòmbà kí ó tó gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní tirẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí i sí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí bàbá wọn mú un lọ. Àwọn méjèèjì dàgbà nínú ilé kan náà, wọ́n jẹun nínú abọ́ kan náà. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n kọ́ ilé oníyàrá mẹ́fà. Ìyá àgbà kò kọ́ nǹkan kan. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, ó ní ọkọ, ó ní ọmọ kan lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n kúrò. Ta ni ó ti ń wá ìwé ní ìlú tí wọ́n bí i sí? Ọjà tó kún fún aṣọ di èyí tí wọ́n ń tà ní ìtàkutà. Àwọn tó jẹ wọ́n lówó kò yọjú mọ́. Ìjọ Onítẹ̀bọmi tí àwọn ará ilé wa ti dá sílẹ̀ káàkiri ibẹ̀ ṣófo. Wọ́n kó ara wọn sínú ọkọ̀ ẹrù, wọ́n gba Tógò àti Dàhòmì kọjá, wọ́n sì wọ Nàìjíríà nígbà tí ogun abẹ́lé kò tíì parí.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni èyí. Ẹ̀gbọ́n ìyá àgbà, ẹni tó pàdánù ilé, kò bínú sí Tàmálè. Ó jókòó nídìí ayò ní ìkángun ọjà nígbà tí mo lọ kí i, mo sì bi í. Ojú rẹ̀ tàn. Ó ka orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún mi, ó sọ bí iṣu ibẹ̀ ṣe rí, ó ní bí ẹsẹ̀ òun bá gbé òun, òun á tún lọ. “Ilé ńkọ́, Bàbá?” Ó gbọn ọwọ́ rẹ̀. “Mo mọ̀ pé ìlú onílùú ni mo kọ́ ọ sí. Mo jẹ èrè rẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ.”

Ìyá àgbà ni kò dárí jì wọ́n. Nígbà tí mo padà dé ìsọ̀, mo sọ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí fún un. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tẹ́ ojú elùbọ́ pẹrẹsẹ. “Ẹ̀gbọ́n mi, ilé ni ó sọ nù. Èmi, ìlú ni mo sọ nù. Òun mọ ibi tí ó ń padà sí. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ níhìn-ín, ará Gánà ni wọ́n ń pè mí. Bí mo bá la ẹnu, wọn á rẹ́rìn-ín. Èmi náà di Àgànyìn ní ìlú bàbá mi.”

Ó fi ìtàn kan lé e. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Ṣàgàrí náà ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé kúrò ní Nàìjíríà. Ọmọ Gánà kan wà tó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ rẹ̀. Òun nìkan ni ìyá àgbà ń bá sọ Haúsá irú ti Tàmálè. “Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n fún àwa. Ọjọ́ mẹ́rìnlá kan náà ni àwọn ará ilé mi fún òun.” Ọkùnrin náà kò lè gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dání. Ó bẹ ìyá àgbà pé kí ó bá òun tọ́jú rẹ̀ títí òun yóò fi padà. Ẹ̀rọ náà ṣì wà ní yàrá ìyá àgbà. Mo ti ń rí i láti kékeré, mo rò pé tirẹ̀ ni.

Lẹ́yìn èyí ni ó tó dárúkọ Guangzhou. Kò bi mí bí ìlú náà ṣe lẹ́wà tó, kò bi mí nípa iná tàbí ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀. Ó ní kí n gbé fóònù, kí n fi ohùn ránṣẹ́ sí Bàbá kékeré, òun fúnra òun ló sì sọ̀rọ̀ sí i: “Àna mi, ẹ kú àjò o. Ìbéèrè kan ni mo ní. Bí àwọn tó ni ìlú bá ní kí ẹ máa lọ, ọjọ́ mélòó ni wọ́n máa ń fún yín?”

Bàbá kékeré, tí kì í pẹ́ fèsì, kò fèsì títí ọjà fi tú. A ti délé, a ti jẹ àmàlà tán, kí fóònù tó dún. Ohùn rẹ̀ kò rí bí ó ti máa ń rí láràárọ̀. Ó kí ìyá àgbà dáadáa. Ó ní wọn kì í fúnni ní ọjọ́ kan pàtó. Ó ní òun máa ń ka iye ọjọ́ tó kù lórí físà òun ní alaalẹ́ kí òun tó sùn, ó sì ti mọ́ òun lára. Ó dákẹ́ díẹ̀ kí ó tó sọ pé ní oṣù kẹrin ọdún 2020 yẹn, wọ́n lé òun náà síta. Òru méjì ni òun fi rìn kiri Xiaobei. Òun kò sọ ọ́ sílé nítorí pé òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí òun máa bọ̀. “Gbogbo ohun tí mo ń sọ pé ó dára níbẹ̀, ó dára lóòótọ́, màmá. N kò parọ́. Ọ̀kan ni n kò sọ.”

Mo wo ojú ìyá àgbà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, pé kò sí Ṣáínà mọ́ nìyẹn. Ó ní kí n tún ohùn náà gbé sí i, kí òun gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì.

“Ẹ̀gbọ́n rẹ àti Bàbá kékeré rẹ,” ni ó wí níkẹyìn, “òru kan náà ni wọ́n jọ sùn síta. Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Kò tọ́ kí ó máa rò pé òun nìkan ni.”

Mo bi í nípa oko. Ó ní òun kò ní ta ilẹ̀, láéláé. Ṣùgbọ́n oníṣòwò kajú kan wà tó máa ń san owó sílẹ̀ kí èso tó so. Òun yóò ta èso ọdún méjì fún un. Kò ní tó gbogbo owó tí àbúrò mi ń wá, ṣùgbọ́n yóò ju ìdajì lọ, Bàbá kékeré tó fẹ́ràn ìlú náà tó bẹ́ẹ̀ yóò sì wá ìyókù. Nígbà tí ọdún méjì bá pé, ilẹ̀ yóò ṣì wà níbẹ̀, bóyá àbúrò mi padà tàbí kò padà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó wọ ọkọ̀ padà sí Ìbàdàn, ó wọn kóńgò elùbọ́ mẹ́wàá sínú àpò, ó fi okùn dì í lẹ́nu, ó ní kí n kó o fún àbúrò mi. Lẹ́yìn náà ló pè mí padà láti ẹnu ọ̀nà ọjà. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn tó ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ òfuurufú Ṣáínà máa ń jẹ́ kí elùbọ́ kọjá.